Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ọmọ Ilé Kéwú Lọ Wo Ilé Olódi Tí Wọ́n Ti Ń Ta Ẹrú?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó dá gbogbo wa láti ara Ànábì Ádámà àti ìyá wa Hawáù. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kó máa bá Ànábì wa Muhammadu, ẹni tó mú Bílálù, tí wọ́n ti fi ṣe ẹrú ní Mẹ́kà, tó sì fi ṣe ládàánì fún gbogbo Mùsùlùmí. Ìkẹ́ náà kó máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin jamáà mọ́sálásí, àti ẹ̀yin ọmọ wa, ó ti pẹ́ díẹ̀ tí àwa olùkọ́ ti ń gbé e yẹ̀ wò bóyá kí á máa kó àwọn ọmọ Sanawiya lọ sí etíkun, kí wọ́n lọ fi ojú ara wọn rí àwọn ilé olódi tí òyìnbó fi ṣe òwò ẹrú. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá ti dé ìpàdé àwọn òbí, àríyànjiyàn ni. Àwọn kan ní kí ni ó kan ọmọ kéwú nínú ilé tí kèfèrí kọ́? Àwọn kan ní owó tí a ó ná sí i, kí á fi ra ìwé, tàbí kí á fi parí òrùlé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kẹta kì í sọ tiwọn sókè. Ní ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé irú ìtàn bẹ́ẹ̀, bí a bá tú u wò, ó lè kan ilé ẹnì kan láàrin wa.

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí wọ́n lọ. Mo sì tún rí i pé ìdí kẹta tí wọ́n ń sọ ní ìkọ̀kọ̀ yẹn gan-an ni ó fi yẹ kí wọ́n lọ jùlọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

KÍ NI ÀWỌN ILÉ WỌ̀NYÍ?

Etíkun orílẹ̀-èdè Gánà ni irú ilé olódi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ adúláwọ̀. Ní ọdún 1979, UNESCO, tíí ṣe ẹ̀ka àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ wọ́n mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Ìjọba Gánà fi wọ́n ṣe ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ó sì fi wọ́n sí abẹ́ àjọ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Méjì ni òkìkí wọn kàn jù nínú wọn: ti Elmina àti ti Cape Coast. Wọn kò jìnnà síra. Ẹni tó bá wọkọ̀ lè rí méjèèjì ní ọjọ́ kan.

Àwọn Pọtogí ló kọ́ ti Elmina ní ọdún 1482. Góòlù ni wọ́n bá wá. Ohun tó máa ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń kó ẹrú wá sí ibẹ̀ láti ìhà Bìní, wọ́n sì ń fi wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ilẹ̀ náà. Nígbà tí oko ìrèké wá gbilẹ̀ ní Bràsíìlì àti ní àwọn erékùṣù Amẹ́ríkà, òwò náà yí padà, ó di pé ènìyàn ni wọ́n ń kó jáde. Ní 1637 àwọn ará Hólándì gba ilé náà lọ́wọ́ Pọtogí. Ní 1872 wọ́n fà á lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Inú rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti Prempeh Kìíní, ọba Àṣáńtì, mọ́ ní 1896, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Sàró, kí wọ́n sì tún gbé e lọ sí erékùṣù Seychelles ní 1900. Ọdún 1924 ni ó tó fojú kan ilé. Ti Cape Coast ní tirẹ̀, àwọn ará Swídìn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1653. Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1664, ibẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe olú ibùjókòó wọn ní Góòlù Kóòsì títí di 1877 tí wọ́n kó lọ sí Àkrà.

Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ yóò rí àwọn yàrá abẹ́ ilé tí kò ní fèrèsé, àfi ihò kéékèèké lókè ògiri. Ojú ihò yẹn nìkan ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Níbẹ̀ ni wọ́n ń kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn pa mọ́ sí, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ nígbà mìíràn, tí wọn yóò máa jẹun, tí wọn yóò máa yàgbẹ́, tí wọn yóò máa ṣàìsàn lójú kan náà, títí ọkọ̀ ojú omi yóò fi dé. Ní Cape Coast, orí yàrá àwọn ọkùnrin gan-an ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì lé. Ní Elmina, àwọn tó ń mú àlejò káàkiri yóò fi àgbàlá àwọn obìnrin hàn yín, wọn yóò sì na ìka sí òkè ibi tí gómìnà ti máa ń dúró wò wọ́n, tí yóò sì yan èyí tó bá wù ú. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà tóóró kan tó kọjú sí òkun, ẹnu ọ̀nà àlọ tí kò ní àbọ̀.

Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ti wọ àwọn yàrá náà. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìwé kíkà kò tó o. Ènìyàn lè máa ka ìtàn òwò ẹrú kó tún máa jẹ ẹ̀pà lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lè jẹ ẹ̀pà nínú yàrá yẹn.

Àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ náà sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 12 ènìyàn tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ láti ilẹ̀ adúláwọ̀ lọ sí òkè òkun láàrin ọ̀rúndún 16 sí ọ̀rúndún 19. Nínú wọn, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ni wọ́n kó láti etíkun tiwa, ìyẹn láti ìhà odò Vólítà títí kọjá Èkó. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò gúnlẹ̀ láàyè.

ǸJẸ́ KÒ KAN ỌMỌ KÉWÚ?

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ gbọ́ ìtàn ẹnì kan tó jẹ́ ọmọ kéwú bíi tiyín. Ní nǹkan bí ọdún 1790 ni wọ́n bí Abubakar as-Siddiq ní ìlú Timbuktu. Ìlú Jenne ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó wá lọ sí Buna, ìlú kan ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire òní, láti kéwú lọ́dọ̀ àwọn àáfà ibẹ̀. Buna nígbà náà dà bí Ìlọrin wa: ìlú onímọ̀ ni, láti ọ̀nà jíjìn ni ọmọ kéwú ti ń wá síbẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé ni ṣì ni nígbà tí ogun wọ ìlú náà ní nǹkan bíi 1805. Wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọ́n dè é lókùn, wọ́n gbé ẹrù rù ú, wọ́n sì mú un la Bonduku àti Kumasi kọjá dé etíkun Góòlù Kóòsì, ní agbègbè tí àwọn ilé olódi wọ̀nyí wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tà á fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di Jàmáíkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tó fi jẹ́ ẹrú níbẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n kéwú kò kúrò lórí rẹ̀. Lẹ́tà Lárúbáwá ni ó fi ń kọ ìṣirò ọjà fún ọ̀gá rẹ̀, èdè Lárúbáwá náà ni ó sì fi kọ ìtàn ayé rẹ̀ sílẹ̀ ní 1834, ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀.

Ẹ tún wo ìlú Salvador ní Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bràsíìlì. Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ìjà sí àwọn tó kó wọn lẹ́rú. Orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn ènìyàn yìí ni Malê. Ẹ pè é sókè kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa: Ìmàle. Ọ̀rọ̀ ẹnu tiwa ni. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn Haúsá náà sì wà níbẹ̀. Ó lé ní 70 nínú wọn tó kú. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tú ẹrù wọn, tírà àti ìwé tí wọ́n fi Lárúbáwá kọ ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn ìwé náà sì wà ní ìpamọ́ ní Bahia títí di òní. Àwọn tó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ilé kéwú ni wọ́n ti kọ́ ọ. Orí wálàá bíi tiyín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ó tún kan àwa ará Ìlọrin ní ọ̀nà mìíràn. Àwọn bàbá wa àti ìyá wa tí wọ́n ṣòwò ní Góòlù Kóòsì, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́ mọ́sálásí síbẹ̀, kí òfin ìjọba Busia ti oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó lé wọn wálé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé yìí kọjá lọ sọ́jà. Òwò ni wọ́n bá lọ, a kò lè bá wọn wí pé wọn kò dúró wo ògiri. Ṣùgbọ́n àwa tí a pe ara wa ní olùkọ́, kí ni ìdáhùn tiwa? Ọlọ́hun pa á láṣẹ níbi púpọ̀ nínú Àlùkùráánì pé kí á rìn lórí ilẹ̀, kí á wo bí ìgbẹ̀yìn àwọn tó ṣíwájú ti rí. Ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn, ojú ni a sì fi ń wò. Àṣẹ yìí kò yọ ọmọ kéwú sílẹ̀.

Ẹ rántí àáfà wa àgbà, Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, tó dá Markaz sílẹ̀ ní 1952, tó sì jáde láyé ní 1992. Kì í ṣe gírámà àti fíkíhì nìkan ni ó fi sílẹ̀ fún wa. Ó kọ ìtàn, ó kọ nípa Ìsìláàmù ní Nàìjíríà, nítorí ó mọ̀ pé àáfà tí kò mọ ìtàn ìlú rẹ̀, àlejò ni láàrin àwọn tó ń wàásù fún.

ỌWỌ́ TA NI ÒYÌNBÓ TI RÀ WỌ́N?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ibẹ̀ ni àwọn kan sì fẹ́ kí á fò. Àwọn òyìnbó tó kọ́ ilé sí etíkun kì í sábà wọ igbó lọ mú ènìyàn fúnra wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró de àwọn tó ń mú ènìyàn wá bá wọn. Wọ́n jẹ̀bi, kò sí àwáwí fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjà kì í ná kí ó má ní oníbàárà àti ẹni tó ń tà.

Ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ Ayuba Suleiman Diallo, ọmọ àáfà láti ilẹ̀ Bundu, ní Senegal òní. Hafizi ni, orí ni ó ti mọ Àlùkùráánì. Ní nǹkan bíi 1730, bàbá rẹ̀ rán an lọ sí odò Gáḿbíà láti lọ ta ẹrú méjì fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti ọ̀gá ọkọ̀ náà kò fẹnu kò lórí iye. Ó bá kọjá odò, ó fi àwọn ẹrú náà gba màlúù. Nígbà tó ń padà bọ̀ wálé, àwọn kan dá a lọ́nà, wọ́n fá irun rẹ̀, wọ́n sì lọ tà á fún ọ̀gá ọkọ̀ kan náà tí òun ti bá nájà. Ó di ẹrú ní Maryland ní Amẹ́ríkà. Lẹ́tà tó kọ sí bàbá rẹ̀ ní Lárúbáwá ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó rà á padà. Wọ́n mú un dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1733, níbi tó ti fi orí kọ odindi Àlùkùráánì lẹ́ẹ̀mẹta láìwo ìwé. Ní 1734 ó padà sí odò Gáḿbíà, ó sì gúnlẹ̀ sí ilé olódi James Fort, èyí tó wà ní erékùṣù tí wọ́n ń pè ní Kunta Kinteh láti 2011.

Bí a bá ń sọ ìtàn yìí nínú wáàsí, ibi Àlùkùráánì ẹ̀ẹ̀mẹta ni inú wa máa ń dùn sí. Ẹ jẹ́ kí á béèrè ìbéèrè kan: àwọn méjì tí ó lọ tà ńkọ́? Ta ló kọ orúkọ tiwọn sílẹ̀? Ta ló kọ lẹ́tà nítorí wọn? Màlúù ni wọ́n dà, ìtàn wọn sì parí síbẹ̀.

Ìlọrin ńkọ́? Ní nǹkan bíi 1821, ogun kó ìlú Òṣogùn. Ọmọ kan tí ń jẹ́ Àjàyí, tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, wà lára àwọn tí wọ́n kó. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní wà nínú ọmọ ogun tó kó wọn. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n tà á fún Pọtogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lójú omi ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Nínú ọ̀rúndún 19 kan náà, Ìlọrin di ọ̀kan nínú àwọn ọjà ńlá tí ẹrú ń gbà kọjá láti òkè Ọya wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Bádágìrì, ilé tí àwọn àlejò ń lọ wò lónìí, tó ní àwọn yàrá kéékèèké tí wọ́n ń kó ẹrú sí, ilé Seriki Williams Abass ni, Mùsùlùmí tó kú ní 1919. Wọ́n kó òun náà lẹ́rú ní kékeré. Nígbà tó bọ́, tó padà wá, òwò tí wọ́n fi bá ayé tirẹ̀ jẹ́ ni òun náà ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé mo ń tú àṣírí ìlú. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Ó wà nínú ìwé, àwọn ọmọ yín yóò kà á ní yunifásítì. Bí wọn kò bá gbọ́ ọ lẹ́nu wa pẹ̀lú ìmọ̀ ẹ̀sìn, wọn yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí yóò sọ fún wọn pé ẹ̀sìn wọn ni ó fà á. Ọmọ tí wọ́n ti sọ fún pé òyìnbó nìkan ló ṣe é, ọjọ́ tó bá rí ìyókù, a ó di òpùrọ́ lójú rẹ̀.

KÍ NI Ẹ̀SÌN WÍ?

Òótọ́ ni pé Ìsìláàmù bá ẹrú níní láyé. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ṣe é. Ó fi ìtúsílẹ̀ ẹrú ṣe ọ̀kan nínú ọ̀nà mẹ́jọ tí sàká gbọ́dọ̀ gbà. Ó fi ṣe ìtánràn fún ẹni tó ṣèèṣì pa ènìyàn àti fún ẹni tó jẹ̀bi ìbúra. Súrà Balad pe títú ọrùn ẹrú sílẹ̀ ní òkè gíga tí ó yẹ kí onígbàgbọ́ gùn. Ó sì wà nínú hádíìsì tó fẹsẹ̀ rinlẹ̀ pé ẹni tó ta ọmọlúàbí tó ní òmìnira, tó sì jẹ owó rẹ̀, Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ni yóò bá a ṣẹjọ́ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Gbogbo ọ̀nà tí ẹ̀sìn là sílẹ̀, ọ̀nà àbájáde ni. Àwọn tó sọ ọ́ di ọ̀nà àbáwọlé, ojúkòkòrò ara wọn ni wọ́n tẹ̀lé.

Kì í sì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló dákẹ́. Ahmad Baba ti Timbuktu, tí àwọn ọmọ ogun Mòrókò ti dè lọ sí Marrakesh rí, kọ ìwé Miʿraj as-Suʿud ní nǹkan bíi 1615. Kò sọ pé kí wọ́n pa ẹrú níní rẹ́, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé kò tọ́ láti fi Mùsùlùmí tó ní òmìnira ṣe ẹrú, àti pé àwọ̀ dúdú kì í ṣe ẹ̀rí pé ènìyàn jẹ́ ẹrú. Almami Abdul-Qadir ti Futa Toro, tó gorí oyè ní 1776, kò jẹ́ kí àwọn oníṣòwò máa kó Mùsùlùmí tí wọ́n fẹ́ tà gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ní 1846, Ahmad Bey ti Túnísíà fi òfin pa ẹrú níní rẹ́ ní ilẹ̀ rẹ̀, ọdún méjì ṣáájú kí Faransé tó pa á rẹ́ ní àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí náà ni bàbá wa. Ọmọ tí a kò bá sọ ti ẹni burúkú fún, kò ní mọ iyì ẹni rere.

Ọ̀RỌ̀ ÒNÍ NI

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó ń dùn mí jù. Ọmọkùnrin kan yóò wá fẹ́ ọmọbìnrin. Ó mọ kéwú, ó ń kírun, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwà rẹ̀ dára. Àgbà kan yóò fa ìyá ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò ní, "Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí bàbá bàbá wọn ti wá." Gbólóhùn kan yẹn ti tó. Ìgbéyàwó ti bàjẹ́, wọn kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ náà. Ẹni tí wọ́n kó ní ogun ní ọ̀rúndún 19, tí wọ́n mú wá sí ìlú yìí lọ́ran-anyàn, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni a ń fi ìyà jẹ lónìí nítorí ìyà tí wọ́n ti fi jẹ bàbá rẹ̀ rí. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, wọn kò ṣe ti Ànábì. Ànábì fa Zainab, ọmọ arábìnrin bàbá rẹ̀, lé Zaidu ọmọ Háríṣà lọ́wọ́ ní ìyàwó, ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí. Ó sì fi Usama, ọmọ Zaidu, ṣe olórí ogun lórí àwọn àgbà sàhábà. Ẹni tó bá dúró nínú yàrá Elmina fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnu rẹ̀ kò ní gbà á mọ́ láti fi ẹrú bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa lọ mú bọ̀ nìyí.

Òwò náà kò sì tíì tán. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo ayé rí fọ́tò àti fídíò ibi tí wọ́n ti ń ta àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní gbàǹjo ní Líbíà, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó bọ́ sínú irú ìyà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi gba aṣálẹ̀ lọ, wọ́n ń wá Yúróòpù. Orílẹ̀-èdè wa ní òfin àti àjọ NAPTIP láti 2003 tó ń gbógun ti kíkó ènìyàn ṣòwò, ṣùgbọ́n òfin kì í wọ ilé tó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sùn sí ilé ìdáná, tí kò kéwú, tí kò kàwé, tí ẹlòmíràn sì ń gba owó oṣù rẹ̀, kí ni à ń pè é? Àwa àáfà náà, ẹ jẹ́ kí á wo ara wa. Ọmọ tí òbí fi lé wa lọ́wọ́ fún kéwú, tó jẹ́ pé oko wa ni ó ń ro láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tàbí tí a rán lọ tọrọ báárà kó tó jẹun, a kò gbọdọ̀ fi orúkọ kéwú bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

BÍ A Ó ṢE LỌ

Ní ti owó, òótọ́ ni àwọn òbí sọ, owó kò pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ iye tí à ń ná sí aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún wálíìmọ̀ ní ọdún kan ṣoṣo. Bí a bá yọ aṣọ kan, ìrìn àjò kan ti jáde. Kò sì dandan kí á bẹ̀rẹ̀ láti Gánà. Bádágìrì wà nílé níbí. Kí àwọn ọmọ Idadiya kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Kí ìrìn Gánà jẹ́ ti àwọn tó fẹ́ parí Sanawiya, ní ọdún méjì méjì, kí òbí tó bá fẹ́ máa san án díẹ̀díẹ̀. Láti 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti wà pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ èkejì láìgba físà, bí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá pé. Kí òbí fọwọ́ sí ìwé, kí àwọn olùkọ́ obìnrin wà pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin, kí òfin ẹ̀sìn lórí ìrìn àjò wọn sì dúró.

Ìwà tí a ó hù níbẹ̀ ṣe pàtàkì. Nígbà tí Ànábì ń lọ sí Tàbúkù, wọ́n gba ilé àwọn Sàmúdù kọjá ní Hijiri. Ó kìlọ̀ fún àwọn sàhábà pé kí wọ́n má wọ ibùgbé àwọn alábòsí àfi pẹ̀lú ẹkún. Ìlànà wa nìyẹn. Ilé alábòsí ni a fẹ́ wọ̀, ibi tí wọ́n sì ti fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀ ni. Kò sí ẹ̀rín, kò sí ariwo, kò sí kí ọmọ fẹ̀yìn ti ògiri kó máa ya fọ́tò bí ẹni wà ní ibi ìgbéyàwó. Ní Cape Coast, wọn yóò bá ojúbọ kan pàdé nínú yàrá àwọn ọkùnrin. Mùsùlùmí kì í bọ ọ́, kì í sì í bú àwọn onílé. Kí ó kọjá ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́.

Kí wọ́n tó lọ, kí wọ́n ti ka ìtàn rẹ̀. Bí wọ́n bá dé, kí oníkálukú kọ ohun tó rí ní èdè Lárúbáwá àti ní Yorùbá, kí á sì tẹ èyí tó dára jù sínú ìwé ìròyìn ọdọọdún yìí. Kí wọ́n tún jókòó ti àwọn àgbà ilé wọn, kí wọ́n béèrè ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ogun àti ẹrú ní agboolé. Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, bí wọ́n bá béèrè, ẹ má lé wọn. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kó ẹrú kò jẹ̀bi ohun tí kò ṣe, ẹni tí wọ́n kó bàbá rẹ̀ kò sì ní ìtìjú kankan láti gbé. Ẹrú Ọlọ́hun ni gbogbo wa, kò sì sí ẹrú nínú wa fún ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́hun ṣàánú fún àwọn tí wọ́n kú sínú àwọn yàrá náà àti sínú òkun, tí kò sí ẹni tó kírun sí wọn lára. Kí Ó má jẹ́ kí á di alábòsí, kí Ó má sì fi wá ṣe oúnjẹ fún alábòsí. Kí Ó bùkún ìmọ̀ àwọn ọmọ wa, kí Ó sì fún àwọn òbí wọn ní ẹ̀mí gígùn láti jẹ èrè rẹ̀. Àmín, làṣẹ Olúwa gbogbo ẹ̀dá.